Mo Wẹ Igi Kòkó Títí Mo Fi Darúgbó

Bí mo bá dárúkọ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ yáa rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Igi ni mo ń wẹ̀. Igi kòkó. Mo ń fi omi àti kànìnkànìn wẹ̀ wọ́n bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdébìnrin títí di ìgbà tí orúnkún mi ní òun ò lọ sóko mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa níbí, ní Owódé Ẹ̀gbá, tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, máa ń wá jókòó tì mí. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé iṣẹ́ náà nìyẹn?" Èmi náà á ní iṣẹ́ náà nìyẹn, ẹ fa àpótí kan kí ẹ jókòó.

Bí ẹ bá wọ inú oko kòkó tó ti gbó, ẹ máa rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ èèpo igi pẹrẹsẹ. Ó dà bí ewé, kì í sì í ṣe ewé. Kò ní gbòǹgbò, kò ní òdòdó, etí rẹ̀ á ká sókè bí etí ìwé ọmọ iléèwé tí kò gbọ́ràn. Lásìkò ọyẹ́, á funfun bí eérú, á gbẹ, á máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Jẹ́ kí òjò rọ̀ báyìí, wàá rí i tí á tutù, tí á rọ̀, tí á yí padà di àwọ̀ ewé lójú rẹ. Èépá igi là ń pè é nílé wa. Bóyá orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é níbòmíràn, ìyẹn ò kàn mí.

Èépá kì í jẹ igi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló rò pé ó ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń bínú sí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jókòó síbi tí kò yẹ kó jókòó sí. Òdòdó kòkó kì í yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka bíi ti ọsàn. Ara igi gan-an ló ti ń yọ, láti inú àwọn ojú kéékèèké kan tó wú díẹ̀ lórí èèpo, ojú kan náà ló sì ń gbà yọ lọ́dọọdún. Bí èépá bá bo ojú yẹn, òdòdó ò ní rí ọ̀nà jáde. Bí o bá sì fi agbára ká èépá kúrò, wàá ká ojú náà mọ́ ọn, ó parí nìyẹn, ibẹ̀ ò ní so mọ́. Àárín méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ wa wà.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Bàbá mi kú, ìyá mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tó ní oko kòkó lẹ́yìn Owódé. Owó tí mo gbà níbẹ̀ ò tó nǹkan tí à ń sọ, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ìyá Oko ni gbogbo abúlé ń pe obìnrin náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i sí ìdílé àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ayé àtijọ́, ọkọ rẹ̀ ló kú tó fi oko náà sílẹ̀ fún un. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ ló tóbi. Òun náà ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun lábúlé. Bí obìnrin kan bá bímọ lónìí, kó tó di ọ̀la, Ìyá Oko ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí, ó ti tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń fi kànìnkànìn fọ ìdọ̀tí ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló gbé lọ sóko.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ wẹ igi, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Mo bu ọṣẹ dúdú sínú ewé, mo dì í dání. A dé ìdí igi, ó wojú mi.

"Kí lo mú lọ́wọ́ yẹn?"

"Ọṣẹ ni, mà."

"Ọṣẹ kẹ̀? Ṣé igi ń lọ sí òde ìyàwó ni?"

Ó gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi, ó fi wẹ ọwọ́ ara rẹ̀, ó rán mi padà sílé. Ó ní mi ò tíì tó igi í wẹ̀. Ẹkún ni mo sun délé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ láàárọ̀ kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí lálẹ́. Òjò ọdún kan gbáko lọ kí n tó fọwọ́ kan igi. Ọmọ ni mo ń wẹ̀. Bí Ìyá bá ń wẹ ọmọ, á ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, á fún mi ní ẹsẹ̀ kan, ó tún yá, apá kan. Bí ọwọ́ mi bá le, á gbá a. Nígbà tó yá, ó gbé ọmọ kan lé mi lórí itan, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé orí ọmọ náà, ní àwùjẹ, níbi tó rọ̀ tó ń mí sókè sódò.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Bí o ṣe ń wẹ ibí yìí ni kí o máa wẹ ojú òdòdó. Tó o bá fọwọ́ líle kan igi mi, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe ọ́."

Ó tún mú tòmátì tó ti pọ́n kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ó ní kí n fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ yíká. Ìgbà mélòó ni mo bẹ́ tòmátì mọ́ ara mi láṣọ! Àwọn ọmọ abúlé ń pè mí ní Sìkírátù Ọlọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fọ̀ ọ́ tán tí awọ rẹ̀ ò sì bó, Ìyá ò yìn mí. Ó gbé tòmátì náà, ó fi se ọbẹ̀, ó ní lọ́la tí òjò bá rọ̀ kí n gbé kèǹgbè omi tẹ̀ lé òun.

Òjò ṣe pàtàkì gan-an. A kì í wẹ igi gbígbẹ. Èépá tó gbẹ a máa di èèpo igi mú bí ẹni tó ń rì sómi, bó o bá fà á, tòun ti awọ ló máa bá ọ lọ. Tó bá mu omi tán, á tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wàá sì fi kànìnkànìn rọra yí i kúrò lójú òdòdó, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ìdí nìyẹn tí Ìyá fi máa ń dúró gbọ́ òjò ìdájí. Kò ní jẹ́ kó dá kó tó ti ìlẹ̀kùn mi: "Sìkí! Dìde, àwọn ọmọ ti tutù." Bí a bá sì kí ìrun àsùbáà tán, oko yá. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í ni ni lára. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ títí ó fi sú mi.

Kì í wẹ gbogbo ara igi o. Èyí tó bá wà lókè lọ́hùn-ún lórí ẹ̀ka ńlá, á ní ká fi sílẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà tó máa ń wá ja èépá lórí ẹ̀ka yẹn lọ, tó fi ń bo ara ìtẹ́ rẹ̀ kí ojú má rí i. Mo bi í pé kí ló kàn wá nínú ìtẹ́ ẹyẹ. Ó ní, "Ìwọ náà bímọ ná, kí o tó máa bi mí bẹ́ẹ̀."

Nígbà kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fẹ́ ọkọ sí ọ̀nà Papalanto. Oko ọkọ rẹ̀ wà létí títì, tirela ń gbá kọjá tọ̀sán-tòru, eruku ti kun gbogbo igi funfun. Mo yí igi wò, mi ò rí èépá kan ṣoṣo. Nígbà tí mo délé, mo ní, "Ìyá, igi wọn mọ́ ju tiwa lọ o!" Ó wá ní, "Sìkí, ibi tí èépá ò bá lè gbé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa. Tiwa ni kó o dúpẹ́ fún." Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bínú sí èépá mọ́. Mo ń wẹ̀ ẹ́ kúrò, mo sì ń kí i.

Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo kọ́lé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà, ìyẹn ò nítàn. Ohun tó nítàn ni irinṣẹ́. Kànìnkànìn la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, búrọ́ọ̀ṣì oníke dé, àwọn ará oko kejì rà á, ó ń yára, ó sì ń họ igi lára. Ìyá fi tirẹ̀ fọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni pọ́ńpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn dé, èyí tí wọ́n fi ń fín oògùn sí èso kí ó má jẹrà. Pọ́ńpù yẹn, Ìyá tẹ́wọ́ gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí ó dáa, ó gba èso là. Ó tún wá dọ́gbọ́n kan: bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, á ní ká rọ omi lásán sínú pọ́ńpù tuntun tí oògùn ò kàn rí, ká fi rin èépá kó rọ̀, ká tó wá gbé kànìnkànìn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àgbà ò fẹ́ nǹkan tuntun, irọ́ ló pa. Ohun tí mò ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ ni pé kí ẹ mọ ibi tí ẹ̀rọ máa bá yín dé àti ibi tó máa dúró kí ọwọ́ yín wá gbà á. Iṣẹ́ yòówù kí ẹ ṣe, ó ní àwùjẹ tirẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù.

Kàmọ́rù ni àbíkẹ́yìn Ìyá. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n tí ìyá rẹ̀ bá ń wẹ igi. Kò fẹ́ràn oko. Ó lọ kọ́ òwò aṣọ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọlọ́run ṣe é, ó ń ta àdìrẹ, ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Òkè-Ìléwó, ó lọ Mẹ́kà, ó di Àlájì. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Tó bá wá kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, Ìyá á bẹ̀rẹ̀: "Àkànní! Àkànní ọkọ mi! Àkànní tí kì í jẹ́ kí n sunkún!" Á máa pè é bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. Tó bá tún ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni, títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi kọrí sí títì.

Ojú Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kàmọ́rù ní kí òun mú un lọ sílé òun ní Abẹ́òkúta kí dókítà lè máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí èmi náà bá a lọ kó má bàa dá nìkan wà. A pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Dókítà ṣe tirẹ̀, àmọ́ ojú ti lọ jìnnà kí wọ́n tó gbé e wá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tí Ìyá ń rí, kò rí èèyàn mọ́. Kò sunkún. Ó ní ọwọ́ òun ṣì wà.

Nígbà tí Kàmọ́rù ń gbé wa padà bọ̀ nínú ọkọ̀, lágbedeméjì ẹ̀ẹ̀rùn, mo rí i pé inú rẹ̀ ń dùn lọ́nà kan ṣá. Ó ní, "Màmá, mo ní nǹkan kan fún yín nílé." A dé, kò jẹ́ ká wọlé. Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sí ìdí igi àkọ́kọ́.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Màmá."

Èmi ti rí i kí ọwọ́ Ìyá tó débẹ̀. Igi náà ń dán bí igi àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Èyí tó tẹ̀ lé e náà ń dán. Bí mo ṣe gbójú sókè, gbogbo oko ló pọ́n, láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè dé. Ó ti kó àwọn lébìrà wá nígbà tí a ò sí nílé, ó ní kí wọ́n bá òun họ gbogbo èépá kúrò. Wọ́n ṣe é pẹ̀lú àdá. Wọ́n ṣe é nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọwọ́ Ìyá lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wá. Ó ń wá àwọn ojú òdòdó, ó mọ ibi tí gbogbo wọn wà bí ẹ ṣe mọ eyín ẹnu yín. Ó kúrò nídìí igi yẹn, ó rọra ń tẹsẹ̀ lọ sí èkejì, ó fọwọ́ wá a, ó lọ sí ẹ̀kẹta. Ó wá dúró.

"Ta ló bó àwọn ọmọ mi láwọ̀?"

"Èmi ni, Màmá," ni Kàmọ́rù wí. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò tíì yé e. "Mo ní kí wọ́n bá yín wẹ̀ wọ́n tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè sinmi. Ojú yín ò ríran mọ́, kí lẹ tún ń wá kiri inú oko?"

Ìyá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Sìkí, mú mi wọlé."

Ẹnu tèmi ò dákẹ́ bíi tirẹ̀ o. Mo bú Kàmọ́rù, mo bú àwọn lébìrà tí kò sí níbẹ̀, mo bú ẹni tó rọ àdá. Mo ní ṣé bí mo ṣe pọ̀n ọ́n nìyẹn. Ìgbà tí mo sọ ohun tí àdá ti gé dànù fún un ló tó yé e, ojú rẹ̀ wá dà bí ti ẹni tí wọ́n kéde òkú fún. Ó wọlé lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ń retí. Mo rí i pé ó ń retí. Ìyá ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, Àlájì. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé."

Bí à ń kí àlejò ni. Ọmọ tó fi ọmú rẹ̀ tọ́! Kàmọ́rù wo ojú mi, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó lọ.

Bó ṣe rí fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Àsìkò òdòdó dé, òdòdó díẹ̀ yọ lókè tí àdá ò dé, ara igi dákẹ́. Àwọn kan lára igi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ojú ọgbẹ́. A po amọ̀ mọ́ eérú, a fi ń di ojú ọgbẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ fún ìjọba wá wò wọ́n, ó ní ká dá ẹ̀ka tuntun tó ń hù nídìí igi sí, ká jẹ́ kó dàgbà rọ́pò, Ìyá sì ní ọmọ náà mọ iṣẹ́. A ṣe bó ṣe wí. Kàmọ́rù ò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Á pọn omi, á po amọ̀, á wẹ̀, á wá kí ìyá rẹ̀, Ìyá á ní, "Ẹ ṣeun, Àlájì, Ọlọ́run á san án fún yín." Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ó ti tó o."

Ó ní, "Sìkí, mi ò bínú sí i. Ṣé ọmọ mi kọ́ ni? Tí mo bá la ẹnu láti pè é ní orúkọ tí mo fún un, ọwọ́ mi á rántí bí igi yẹn ṣe rí, ohùn mi á há. Mi ò fẹ́ pè é pẹ̀lú irọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Èépá kì í jókòó lórí ọgbẹ́. Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kan èépá lára igi yẹn, á jẹ́ pé awọ ti padà. Èmi náà á lè pè é."

Ẹ wò ó, láti kékeré ni mo ti ń wẹ èépá dànù, mo wá di ẹni tó ń jí láàárọ̀ lọ wá a bí ẹni ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá ti ń wúkọ́, oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́, èépá kì í sì í kánjú hù. Kí ọlọ́jọ́ má dé kó tó pe ọmọ rẹ̀, àdúrà tí mò ń gbà nìyẹn lẹ́yìn ìrun mi gbogbo.

Kàmọ́rù ló bi mí pé kí ni ìyá òun ń fọwọ́ wá lára igi. Mo sọ fún un.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dé kùtùkùtù, Ìyá ṣì wà lórí ẹní ìrun. Mò ń dáná, mo kàn rí i tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó wá kí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Èépá ti hù."

Mo ju igi ìdáná sílẹ̀, mo di Ìyá mú, àwa méjèèjì ń kọsẹ̀ lọ sóko. Lóòótọ́, èépá wà lára igi àkọ́kọ́ náà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Alihamudulilai fẹ́ jáde lẹ́nu mi. Mo wá rántí pé mo wá igi yẹn lánàá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo rí nǹkan funfun tó ń yọ létí èépá. Mo bojú wẹ̀yìn wo igi obì tó wà lẹ́yìn ilé, ara rẹ̀ ti pá, èépá rẹ̀ ti lọ. Kàmọ́rù wò mí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá fọ́ àwo. Mo pa ẹnu mi dé.

Ìyá gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ lọ yíká etí èépá náà, ó dúró. Ó gbé ìka rẹ̀ sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá fi ahọ́n kàn án.

"Ẹ̀kọ láfún nìyí," ló wí.

Ó nu ìka rẹ̀ sára aṣọ.

"Ẹ̀kọ tí àwọn aládìrẹ fi ń ya aṣọ. Kàmọ́rù, ṣé àdìrẹ lo fẹ́ ṣe sára igi mi ni?"

Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó di igi mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú tí kò ríran, ikọ́ gbà á, ó tún rẹ́rìn-ín. "Àkànní! Àkànní ọkọ mi! O ò mọ irọ́ ọ́ pa láti kékeré! Àkànní!"

Kàmọ́rù, Àlájì Òkè-Ìléwó, dojú bolẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ tòun ti agbádá, ó ń sunkún kíkankíkan. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a nílẹ̀ títí ó fi kan orí rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń pe orúkọ náà lọ, kò dákẹ́ rárá. Èmi ní tèmi jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, mo bú sẹ́kún. Iná mi kú lórí ààrò, a ò mu ẹ̀kọ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ìyá tún pẹ́ láyé lẹ́yìn náà ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ẹ̀ka tuntun tí a dá sí nídìí igi dàgbà, wọ́n so. Àwọn ọgbẹ́ mìíràn jinná, àwọn mìíràn ò jinná, a gé wọn. Òjò ti fọ ẹ̀kọ Kàmọ́rù dànù, ó sì gbá àwọn èépá tó fi lẹ̀ mọ́ igi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá di ìgbà àkọ́rọ̀ òjò kan. Èmi àti Ìyá ń wẹ igi, mo ń pọn omi, òun ń fọwọ́ wá ọ̀nà níwájú mi. A dé ìdí igi àkọ́kọ́ yẹn, mo rí èépá kan, kò tóbi, ó ti tutù, ó ti rọ̀. Mo rò pé bíi ti gbogbo wọn ni. Mo gbé kànìnkànìn lé e kí n yí i kúrò, ọwọ́ Ìyá sì gbá tèmi mú. Ó fi ìka wá ẹ̀yìn etí èépá náà. Ẹ̀kọ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó di igi mú fúnra rẹ̀, ó ti ń na etí tuntun jáde.

"Má kàn án o, Sìkí," ni Ìyá wí. "Ọmọ mi ló gbìn ín."